Epo Tó Ṣe Rẹ́gí Kò Tó

Kí bàálù akérò tó gbéra, ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ fún àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfurufú. Inú ìwé náà ni wọ́n ti máa ń sọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, ọ̀nà tí yóò gbà, iye àkókò tí yóò lò lójú òfurufú, àti iye àkókò tí epo inú rẹ̀ lè fi gbé e dúró sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ọdún 2016, irú ìwé bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́bìnrin kan ní pápákọ̀ òfurufú Viru Viru, nílùú Santa Cruz, lórílẹ̀-èdè Bòlífíà. Medellín ní Kòlóńbíà ni ọkọ̀ náà ń lọ. Àkókò ìrìn-àjò tí wọ́n kọ síbẹ̀ jẹ́ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22. Àkókò tí epo lè gbé e ńkọ́? Wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 22 náà ni.

Ọgbọọgba ni wọ́n. Epo ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀nà, kò lé, kò dín.

Èèyàn 77 ló wọ bàálù yẹn. Èèyàn 71 ló kú nínú wọn. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà ló pé, kò sí èyí tí nǹkan ṣe. Kò sí ẹni tó yìnbọn fún un, ìjì kọ́ ló sì gbé e ṣubú. Ìṣirò ló pa wọ́n, ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè wò kó sì sọ fún àwọn àgbà pé ó kù díẹ̀ káàtó.

Ẹgbẹ́ láti Chapecó

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chapecoense ni wọ́n háyà ọkọ̀ náà fún. Chapecó, ìlú wọn, wà ní ìpínlẹ̀ Santa Catarina, ní apá gúúsù Bràsíl. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ tí wọ́n ń pa tà ni ìlú náà fi lókìkí, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá délẹ̀. Ní 2009, ìsọ̀rí kẹrin líìgì Bràsíl ni ẹgbẹ́ yìí ti ń tiraka. Wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2014, wọ́n ti bọ́ sáàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ìsọ̀rí kìíní. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dé àṣekágbá Copa Sudamericana, ọ̀kan nínú ìdíje méjì tó ga jù fún àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

San Lorenzo ti Ajẹntínà ni wọ́n yọ kúrò lọ́nà kí wọ́n tó débẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí agbábọ́ọ̀lù San Lorenzo kan gbá bọ́ọ̀lù láti ìtòsí. Danilo tó ń ṣọ́lé na ẹsẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ náà lé bọ́ọ̀lù jáde. Ká ní ó wọlé ni, ilé ni Chapecoense ìbá wà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kò wọlé. Gbogbo Chapecó bọ́ síta, wọ́n ń jó. Atlético Nacional ti Medellín ló kàn, ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá ni wọ́n sì dá fún abala kìíní àṣekágbá náà.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ní Bòlífíà, LaMia, ni wọ́n bá dúnàádúrà pé kó gbé wọn lọ. Iléeṣẹ́ yìí ti ń ṣe orúkọ nídìí kíkó àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nínú oṣù kọkànlá yẹn kan náà ló kó ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Ajẹntínà, Lionel Messi sì wà nínú wọn. RJ85 ni irú bàálù náà, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀nà tí kò jìn. Miguel Quiroga tó wà á lálẹ́ ọjọ́ náà tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni iléeṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà débẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ni pé kí LaMia wá gbé ẹgbẹ́ náà ní Bràsíl, kó gbé wọn lọ tààrà sí Medellín. Àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Bràsíl kọ̀ jálẹ̀. Òfin tó wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè náà ni pé ọkọ̀ Bràsíl tàbí ti Kòlóńbíà ló lè gbé èrò láti Bràsíl lọ sí Kòlóńbíà, ọkọ̀ Bòlífíà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹgbẹ́ náà bá ọkọ̀ mìíràn tó máa ń ná ọ̀nà yẹn láti São Paulo wọ Santa Cruz. Ibẹ̀ ni LaMia ti gbà wọ́n.

Bí a ṣe ń wọn ọ̀nà òfurufú

Láti Viru Viru dé José María Córdova, ìyẹn pápákọ̀ òfurufú tó ń sin Medellín, tó sì wà ní ìlú Rionegro lẹ́bàá rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi 2,960 kìlómítà. Ẹni tó bá ti wọ bàálù láti Èkó dé Àbújá rí, kó rò ó ní ìlọ́po mẹ́fà. Iye yìí ni èèyàn yóò rí lórí fóònù bó bá tẹ orúkọ pápákọ̀ méjèèjì síbẹ̀. Ẹ̀rọ yóò wá ìlà tó kúrú jù lórí ayé róbótó yìí láti ibì kan dé èkejì, yóò fi eré tí bàálù ń sá ní wákàtí kan pín in, yóò sì gbé èsì síta kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Èsì náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ohun tó ń sọ ni bí ọ̀nà ṣe máa rí bí ohunkóhun kò bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà.

Nǹkan sì máa ń ṣẹlẹ̀. Òfurufú ní ọ̀nà tirẹ̀ tí àwọn aláṣẹ là sílẹ̀, ọ̀nà náà a sì máa yà kí ó tó dé ibi tó ń lọ. Bàálù yóò kọ́kọ́ pọ́nkè, epo tó sì ń jó nígbà tó bá ń pọ́nkè ju èyí tó ń jó lọ nígbà tó bá ti tẹ́jú sókè. Afẹ́fẹ́ tún ń bẹ. Ẹ bi àwọn èèyàn wa tó ń ná Lọ́ńdọ̀nù sí New York léèrè. Kìlómítà kan náà ni àlọ àti àbọ̀, síbẹ̀ àlọ sábà máa ń gbà tó wákàtí kan ju àbọ̀ lọ, nítorí ẹ̀fúùfù ńlá kan ń fẹ́ lókè Atlantic láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà ń bá a jìjàkadì, ẹni tó ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí bàálù bá sì dé orí ìlú tó ń lọ, kò tíì dé ilẹ̀. Ọkọ̀ lè pọ̀ níwájú rẹ̀, kùrukùru lè bo ojú pápá, ọkọ̀ kan lè ní ìṣòro tí yóò mú kí wọ́n yọ̀ǹda ọ̀nà fún un, wọn a sì ní kí àwọn yòókù máa yípo lókè títí yóò fi kàn wọ́n.

Nítorí gbogbo èyí ni òfin òfurufú àgbáyé kò fi gbà pé epo tí yóò gbé ọkọ̀ débi tó ń lọ ti tó. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbé epo ìrìn-àjò, kó fi díẹ̀ lé e fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé èyí tí yóò gbé e lọ sí pápákọ̀ mìíràn bí ti ibi tó ń lọ kò bá ṣeé bà sí. Lórí gbogbo rẹ̀, kó tún ní èyí tó lè fi wà lókè fún ìṣẹ́jú 30 sí i, epo àdágbẹ̀yìn tí a kò retí pé kí awakọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Àwọn àgbà wa ti wí tipẹ́ pé ọ̀nà kan kò wọjà, òfin yìí sì gbà pẹ̀lú wọn.

Ẹni tó kó owó dáńfó àná gẹ́lẹ́ jáde nílé, tí òjò wá rọ̀, tí owó ọkọ̀ fò sókè, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé. Ẹni tó wà lójú òfurufú kò rí ilẹ̀ tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn.

Alẹ́ ọjọ́ náà

Ọ̀nà àbáyọ kò wọ́n wọn. Bàálù náà lè dúró gba epo ní Cobija, ìlú kan ní àríwá Bòlífíà, lẹ́bàá ààlà Bràsíl, ètò ìdúró yẹn sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó kúrò ní Santa Cruz, pápákọ̀ Cobija kì í sì í ṣiṣẹ́ lóru. Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ṣì wà níbẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀nà wọn, pápákọ̀ ńlá sì ni. Wọ́n tún lè sun Santa Cruz kí ilẹ̀ mọ́. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fẹ́ gbéra, ọjọ́ 30 ni bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kan gbáko ló wà láàárín tí kò sí ẹni tí yóò béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe.

Òṣìṣẹ́bìnrin tó gba ìwé náà rí i pé iye méjèèjì dọ́gba. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé òun tọ́ka sí i fún aṣojú LaMia tó mú ìwé wá. Èsì tó ní aṣojú náà fún òun ni pé kí òun má ṣèyọnu, wọn yóò tètè dé ju iye tí wọ́n kọ lọ. Ẹni tó fọkàn balẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ó sì bá a lọ. Ìwé náà kò yí padà. Ní agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 18 nírọ̀lẹ́, bàálù gbéra.

Ẹ má rò pé àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú ohùn wọn tí àpótí ọkọ̀ gbà sílẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa yíyà sí Bogotá láti gba epo. Wọn kò yà. Aerocivil, àjọ ọkọ̀ òfurufú Kòlóńbíà tó ṣèwádìí ọ̀ràn náà, sọ pé fún odidi ìṣẹ́jú 40 kí ọkọ̀ náà tó já ni ó ti wà nínú ewu, tí àwọn tó ń wà á kò sì gbé ìgbésẹ̀ kankan.

Wọ́n ń sún mọ́ Rionegro nígbà tí ohun tí òfin ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Bàálù mìíràn tó fura pé epo òun ń jò ti yà síbẹ̀, àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ sì fún un láyè kó kọ́kọ́ bà. Wọ́n ní kí LaMia dúró, kó máa yípo lókè. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun, ó ń ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ káàkiri ayé lójoojúmọ́, awakọ̀ tó bá sì gbé epo tó bófin mu yóò yípo títí wọn yóò fi pè é. Ní àkókò yẹn gan-an ni ó yẹ kí Quiroga ké sí wọn pé epo òun ń tán. Kò ké. Ó ń yípo pẹ̀lú àwọn yòókù. Ìyípo ẹ̀ẹ̀mejì tó ṣe fi nǹkan bíi 100 kìlómítà kún ọ̀nà tí epo rẹ̀ ti ká mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun láyè, epo òun ní ìṣòro. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà ló tó wá kéde pé pàjáwìrì ni. Ó ti bọ́. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò pẹ́ tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dákẹ́. Bí wọ́n ti kú ni iná inú ọkọ̀ náà kú, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń fún un ní iná. Ohùn Quiroga ṣì ń wá lórí rédíò pé kò sí iná, kò sí epo, kí wọ́n júwe ọ̀nà fún òun. Obìnrin tó ń darí wọn láti ilẹ̀ ń ṣe é bó ṣe lè ṣe é mọ. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́ ní Kòlóńbíà, níbi tí aago ti fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Bòlífíà, bàálù náà forí sọ òkè kan tí wọ́n ń pè ní Cerro Gordo, nítòsí ìlú La Unión. Kìlómítà 18 ló kù kó dé ojú pápá.

Láti ìgbà tó gbéra títí dé ìgbà tó já jẹ́ wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 41. Ẹ kíyè sí i: epo náà tilẹ̀ gbé wọn kọjá iye tí wọ́n kọ sínú ìwé. Wọn kò purọ́ nínú ìṣirò wọn, àní wọ́n jèrè lé e. Síbẹ̀ kò tó.

Nígbà tí àwọn tó lọ gba ẹ̀mí là dé orí òkè náà, nínú òtútù àti ẹrẹ̀, wọn kò bá iná níbẹ̀. Bàálù tó bá já sábà máa ń gbiná. Èyí kò gbiná, nítorí kò sí epo tí yóò jó.

Èèyàn 6 ló yè é. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ agbábọ́ọ̀lù: Alan Ruschel, Neto àti Jakson Follmann, aṣọ́lé kejì, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Rafael Henzel, akọ̀ròyìn orí rédíò, yè é. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ méjì náà yè é. Wọ́n gbé Danilo jáde láàyè, ó sì kú sílé ìwòsàn. Agbábọ́ọ̀lù 19 ló kú, akọ̀ròyìn 20 ló kú, akọ́nimọ̀ọ́gbá Caio Júnior náà kú.

Ohun tí Atlético Nacional ṣe lẹ́yìn náà, ó yẹ ká máa sọ ọ́ fọ́mọ. Àwọn tó yẹ kí wọ́n bá Chapecoense jà fún ife-ẹ̀yẹ ló kọ̀wé sí àjọ bọ́ọ̀lù Gúúsù Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbé ife náà fún àwọn tó kú. Ní alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará Medellín wọ aṣọ funfun, wọ́n kún pápá ìṣeré Atanasio Girardot fọ́fọ́, wọ́n ń kọrin orúkọ ẹgbẹ́ àlejò. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejìlá, àjọ náà kéde Chapecoense gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ife.

Àṣegbé kò sí

Ìjábọ̀ ìkẹyìn Aerocivil jáde ní 2018. Ohun tó sọ kò lọ́jú pọ̀: epo tán, epo sì tán nítorí pé iléeṣẹ́ náà kò ṣètò ìrìn-àjò bó ṣe yẹ. Àmọ́ ìjábọ̀ náà fi hàn pé èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. LaMia ti fò báyìí rí, pẹ̀lú epo tí kò tó iye tí òfin là sílẹ̀, ó sì ti balẹ̀ láyọ̀.

Níbí gan-an ni mo ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó rú òfin lẹ́ẹ̀kan tí nǹkan kan kò ṣe é kò ní sọ pé Ọlọ́run ló yọ òun. Yóò sọ pé òfin náà ti le jù. Bó bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì tó sì yè é, ó ti di ìmọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti di ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ń gbà ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì béèrè ìdí rẹ̀ ni wọn yóò máa wò bí òpè. Ìrìn-àjò tó yọrí sí rere yẹn kò fi hàn pé epo tó. Ohun tó fi hàn ni pé lọ́jọ́ náà, kò sí ọkọ̀ tó dí wọn lọ́nà. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ẹni tó wa ọkọ̀. Dídúró ní Bogotá ní owó nínú. Wọn yóò san owó ìbalẹ̀, wọn yóò ra epo níbẹ̀, àkókò yóò lọ sí i. Bí awakọ̀ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ lásán, ó lè sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò lọ bí wọn kò bá gba epo, kí ọ̀gá náà máa bínú. Quiroga kò ní ọ̀gá tí yóò bá jà. Ẹni tó ń ṣírò epo ni ẹni tó ń ṣírò owó. Nígbà tí àpò ẹni bá ń bá ẹ̀rí ọkàn ẹni ṣàríyànjiyàn, tí kò sì sí ẹlòmíràn níjòókòó, a mọ ẹni tó sábà máa ń borí.

Ìtàn kan tún wà tó yẹ ká fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, pápákọ̀ Rionegro kan náà yìí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kìíní, ọdún 1990, Boeing 707 ti iléeṣẹ́ Avianca gbéra níbẹ̀ lọ sí New York. Ojú ọjọ́ burú lọ́hùn-ún, wọ́n sì ní kí wọ́n dúró lókè. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n dá wọn dúró, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 77. Àwọn awakọ̀ náà sọ fún àwọn tó wà nílẹ̀ pé epo ń lọ sílẹ̀, pé kí wọ́n fún àwọn láyè. Wọn kò fìgbà kankan kéde pàjáwìrì. Wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, kò ṣeé ṣe, wọ́n tún gbéra, epo sì tán. Ọkọ̀ náà já sí Cove Neck ní Long Island. Nínú èèyàn 158, 73 ló kú.

Ọdún 26 ló wà láàárín ìjàǹbá méjèèjì. Àwọn ti Avianca gbé epo tó pọ̀ ju ti ọ̀nà lọ, ìdúró ló jẹ ẹ́ tán. Àwọn ti LaMia kò gbé ju ti ọ̀nà lọ rárá. Níbi tí wọ́n ti pàdé ni pé àwọn méjèèjì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n fi igbe sọ. Ẹni tó bá kéde pàjáwìrì mọ̀ pé wọn yóò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òun tó bá balẹ̀. Wọn yóò ní kó wá kọ ìwé, wọn yóò yẹ epo rẹ̀ wò. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ìbéèrè yẹn lè pa èèyàn bíi ti ìjì.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ wa kò ní wa bàálù láé. Àmọ́ gbogbo wa la ń ṣètò ìrìn-àjò, gbogbo wa la sì ń wo iye wákàtí tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì tàbí tí fóònù sọ fún wa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí Amẹ́ríkà tí ẹ óò pààrọ̀ ọkọ̀ ní Yúróòpù, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sáàárín ọkọ̀ kìíní àti ìkejì nítorí pé ó fi owó díẹ̀ dín. Àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀ ń retí pé kí afẹ́fẹ́ gbà, kí ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé wò kúrú, kí ẹrù yín sì tètè jáde. Bí ẹ bá ń lọ síbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó tó jẹ́ tipátipá kí ẹ débẹ̀, ẹ dé ní àná rẹ̀. Chapecoense ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó ń gbé wọn ni kò lò ó.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti bu ọwọ́ lùwé, ẹ̀kọ́ tiyín le díẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òṣìṣẹ́bìnrin Viru Viru rí orí ọmọ tó wọ́, ó sọ pé òun sì sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Ohun tó kù ni ètò tí yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, tí ẹni tó bá ní "ó kù díẹ̀" yóò fi lágbára láti dá ọkọ̀ dúró, tí ẹni tó bá ní "a óò yára" yóò fi ṣàlàyé bí yóò ṣe yára kó tó gbéra. Níbi iṣẹ́ èyíkéyìí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń béèrè ìbéèrè, ẹ wá ibòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa èrò. Nígbà ọyẹ́, tí kùrukùru bá bo ojú pápá ní Èkó tàbí Àbújá, tí wọ́n bá kéde pé ọkọ̀ yóò pẹ́, a máa ń gbaná jẹ. A ń na ìka sí òṣìṣẹ́, a ń pariwo pé ṣé òní ni kùrukùru ti kọ́kọ́ ń bo ojú pápá ni. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń béèrè. À ń bẹ awakọ̀ kó gbàgbé ohun tó rí, kó gbé wa lọ nítorí ìpàdé aago méjì. Awakọ̀ rere kò ní gbọ́ tiwa. Awakọ̀ tó bá gbọ́ tiwa ni ká bẹ̀rù. Bí awakọ̀ rere bá ní òun fẹ́ dúró gba epo ní ibi tí a kò retí, ẹ jẹ́ kó gbà á, kí ẹ bínú tó bá wù yín. Èrò tó pẹ́ dé yóò ráyè ráhùn fún ará ilé rẹ̀, yóò kọ̀wé ẹ̀sùn, yóò tún máa sọ ìtàn náà lọ́dún mẹ́wàá òní. Ẹ jẹ́ ká dé, ká máa ráhùn.